Táyé Ti Rìnrìn Àjò

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kí ó lọ tọ̀ nísinsìnyí, nítorí bí mo bá ti mẹ́nu lé ọ̀rọ̀ yìí, n kò ní í dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà tó jẹ nínú igbó, bí ó bá pa ẹran kò ní í fún ẹnìkan jẹ. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn kì í ṣe ẹran. Ẹni tó bá dá a jẹ, inú ni yóò máa run ún. Èmi Ọdẹ́jìnmí, ọmọ Òkè-Àwín, mo ti pa ẹfọ̀n mẹ́ta. Mo ti bá ìkookò du ẹran kan, ìkookò ló sì fi ẹran sílẹ̀ fún mi. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tó ti gbé mi ṣubú láyé yìí, kò sí èyí tó gbé mi ṣubú tó kẹ̀kẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Ẹni tí kò jókòó sórí káríà rí ló ń fi ẹni tó já bọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe tèmi. Kẹ́hìndé ọ̀rẹ́ mi, ọmọ agbolé Asúnmọ́, ló ni ín. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé níbi tí Kẹ́hìndé bá wà, Táyé kan ti kọ́kọ́ jáde. Táyé tirẹ̀ fi ilé sílẹ̀ nígbà tí irùngbọ̀n wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ó ní òun fẹ́ lọ dáko ní ìkọjá Odò Mọ́ṣí, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tí ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni jà sí ààlà. Ní ọdún kẹta, ọkùnrin aláàlùbọ́sà kan ti ìkọjá odò wá sí ọjà wa. Àjòjì ni, ìwọ̀nba Yorùbá tí yóò fi ta ọjà rẹ̀ ló gbọ́. Kẹ́hìndé kò sí nílé ní ọ̀sẹ̀ náà, ó wà ní Ìlọrin níbi tó ti lọ ra kẹ̀kẹ́ tí mò ń wí yìí. Ìyá wọn ló bi aláàlùbọ́sà bóyá ó mọ Táyé. Ọkùnrin náà ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n Táyé ti rìnrìn àjò. Ìyá jókòó sílẹ̀ láàárín ọjà. Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò bá mọ̀: nílé wa, a kì í sọ pé ìbejì kú. Èèwọ̀ ni, nítorí ẹni tó bá sọ ọ́ ti ń pe èkejì lọ nìyẹn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ, ohun tí à ń sọ ni pé ó ti rìnrìn àjò, gbogbo ẹni tó bá sì gbọ́ á fọwọ́ bo ẹnu. Nítorí náà kò sí ẹni tó bi aláàlùbọ́sà ní ìbéèrè kejì. A kì í béèrè.

Kẹ́hìndé nìkan ni kò gbà. Ó ní bí òun bá ń jẹ ẹ̀wà, ẹnu méjì ni òun fi ń jẹ ẹ́. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi kọ̀ kí wọ́n gbẹ́ ère Táyé, nítorí bí wọ́n bá ti gbẹ́ ère fún ìbejì nílùú wa, ó parí. Ìyá yóò máa wẹ̀ ẹ́, yóò máa wọ̀ ọ́ láṣọ, yóò máa fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu, ẹni tí a gbẹ́ ère rẹ̀ kò sì ní ilé láàárín alààyè mọ́. Bí òun fúnra rẹ̀ bá kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, a kò gbọdọ̀ ṣí i fún un. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìyá ti darúgbó. Ó pe Kẹ́hìndé, èmi náà wà níbẹ̀, ó ní, "Kẹ́hìndé, ó ti rẹ̀ mí láti máa dúró. Bí n kò bá rí i láàyè, ẹ jẹ́ kí n rí i ní igi, kí n gbé e sọ́wọ́ kí n tó lọ." Ta ni yóò gbọ́ irú èyí tí kò ní í rọ̀? Kẹ́hìndé dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ ọjọ́ mọ́kànlá, títí di ọjọ́ tí a ó jẹ iṣu tuntun. Bí òun kò bá mú Táyé dé lọ́jọ́ náà, kí agbẹ́gilére bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí a jáde, ó ní kí n bá òun lọ. Mo bi í pé níbo ni n ó gbé ìbọn mi sí lórí kẹ̀kẹ́. Ó ní kí n gbé e kọ́ ọrùn, kí èmi fúnra mi sì wá ibi tí n ó gbé ara mi sí.

N kò ní í fi bí a ṣe jẹun àti bí a ṣe sùn yọ yín lẹ́nu. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, èmi àti ilẹ̀ di ọ̀rẹ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá yà, èmi a yà sí òdìkejì; bí Kẹ́hìndé bá ní kí n dì mọ́ òun pẹ́kípẹ́kí, èmi a fò sílẹ̀ bí ẹni rí ejò. Ní ọjọ́ kẹta òkè tán, igi tán, ọ̀dàn bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ inú igbó, ẹ kò mọ ọ̀dàn. Nínú igbó, ojú máa ń rí igi fara tì. Ní ọ̀dàn, ojú yóò jáde lọ, kò ní í rí ibi tí yóò jókòó sí, títí yóò fi padà wá bá ọ tòun ti àárẹ̀. Koríko pupa, koríko funfun, ojú ọ̀run tó sọ̀kalẹ̀ wá jẹun lórí koríko. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń kọrin kan náà láti òwúrọ̀, èmi sì ń tòògbé lórí káríà, títí ó fi dà bíi pé àwa dúró sójú kan, ilẹ̀ ló ń sáré gba abẹ́ wa kọjá. Mo bi Kẹ́hìndé bóyá òun náà rí i bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti ń rí i bẹ́ẹ̀ láti àná, kí n dákẹ́, kó má baà dúró. Nígbà tó yá, ẹ̀gún gún táyà ẹ̀yìn, tíúbù sì ya débi tí kò ṣeé lẹ̀ mọ́. Kẹ́hìndé kò bínú. Ó yọ tíúbù jù sẹ́yìn, ó fa koríko gbígbẹ, ó kì í bọ inú táyà títí ó fi le, a sì gùn ún lọ. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnìkan gun koríko lórí koríko, èmi ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, nígbà tí oòrùn ń sun etí ẹni, a rí òjìji igi ńlá kan tó nà sílẹ̀ lọ rẹrẹ. A sáré lọ síbẹ̀. Ìgbà tí a dé ibẹ̀ ni mo gbójú sókè: kò sí igi. Òjìji nìkan ló wà nílẹ̀, tòun ti ẹ̀ka, tòun ti ewé tó ń mì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohunkóhun lókè àfi oòrùn. Ọkùnrin arúgbó kan tó ní àwọ̀ eérú jókòó sí àárín rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí ìbọn, Kẹ́hìndé fi ìgúnpá gún mi, ó tẹríba, ó ní, ẹ kú ìjókòó, bàbá. Arúgbó náà ní ó pẹ́ tí ẹnìkan ti kí òun bó ṣe yẹ. Àwọn tó ń kọjá máa ń kí òun kú iṣẹ́, òun kò sì ṣiṣẹ́ kankan rí. Ó ní òun ni Olójìji, ẹni tó bá sì fẹ́ sinmi lábẹ́ òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já àlọ́ kan. Ó nawọ́ sí kẹ̀kẹ́ wa. Ó ní ọmọ ìyá méjì nìyẹn, wọ́n ń sáré, ti iwájú kò dúró, ti ẹ̀yìn kò bá a, wọn kò sì bínú síra wọn. Èwo ni ẹ̀gbọ́n nínú wọn?

Ẹ mọ̀ mí, ẹnu mi kì í dúró. Kí Kẹ́hìndé tó lanu, mo ti ní ti iwájú ni, ta ni kò mọ̀ pé àgbà ló ń ṣáájú? Bí mo ti wí bẹ́ẹ̀, òjìji fà sẹ́yìn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, oòrùn sì mú àtẹ́lẹsẹ̀ mi bí ẹni tẹ ẹyin iná. Èmi ń jó, ọ̀rẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín. Ìbejì ni òun alára, ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún un.

"Ti ẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n, bàbá," ni Kẹ́hìndé wí. "Òun ló rán ti iwájú pé kó lọ wo bí ọ̀nà ṣe rí."

Arúgbó náà wò ó títí. "Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n, kí ló wá dé tí o fi ń wá àbúrò kiri inú ọ̀dàn, bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọ nù?"

"Ẹni tó ránni níṣẹ́ ló ń lọ wo ọ̀nà, bí a kò bá tètè dé."

Òjìji náà gbòòrò, ó bo èmi náà mọ́lẹ̀, atẹ́gùn tútù sì ń ti inú rẹ̀ fẹ́ sí wa. Nígbà tí a sinmi tán, Olójìji bá wa dúnàádúrà. Ọ̀nà kan wà tí yóò gbé wa dé Mọ́ṣí ní ọjọ́ kan dípò mẹ́ta, òun yóò fi hàn wá bí a bá fún òun ní ohùn agogo kẹ̀kẹ́ wa. Kì í ṣe agogo o, ohùn rẹ̀ ló fẹ́. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń gbé níbẹ̀, kò sí ohun tó ń dún fún òun. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gba ẹ̀tù ìbọn mi, ó ní ariwo lásán ni ìyẹn. Kẹ́hìndé tẹ agogo náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dún ní ìkíní, ó dún ní ìkejì. Ní ìkẹta, ẹnu arúgbó náà ni mo ti gbọ́ ọ, láti ìgbà náà, bó bá sọ̀rọ̀, ó ń ró wooro. Ó fi ọ̀nà hàn wá, ó sì kìlọ̀ pé a ó pàdé àwọn arìnrìn-àjò lójú ọ̀nà náà. Ó ní kí a yà fún wọn, kí a kọjá jẹ́jẹ́, kí a má ṣe pe orúkọ ẹnikẹ́ni.

Òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún la pàdé wọn, nínú kùrukùru. N kò tètè mọ ohun tí mo rí. Àwọn ènìyàn ń bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọmọdé, àgbà, wọ́n gbé ẹrù kéékèèké lórí, koríko tí wọ́n tẹ̀ kò sì tẹ̀. Ẹnikẹ́ni wọn kò rìn sún mọ́ ẹlòmíràn. Olúkúlùkù fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan ṣì ń bọ̀ tí yóò wá bá a rìn níbẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí Táyé ọmọ àbúrò mi obìnrin, tí a sọ nílé pé ó rìnrìn àjò nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì. Ọmọ ọdún méjì náà ló ṣì jẹ́. Ó wò mí, kò mọ̀ mí, ó kọjá lọ. Èmi tí mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta, mo sunkún lórí káríà, n kò sì nu ún. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ tí à ń fi bo ẹnu. Wọ́n ń rin àjò náà lóòótọ́, àjò kì í sì í dùn kónílé má relé, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò mọ ọ̀nà ilé.

Kẹ́hìndé kò wo ọ̀nà mọ́. Ojú wọn ló ń wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń yọ ọrùn síhìn-ín, ó ń yọ ọrùn sọ́hùn-ún. Mo mọ ohun tó ń wá, mo sì mọ ohun tó ń bẹ̀rù pé òun yóò rí. Mo sọ fún un ní etí pé kó rántí ohun tí a kìlọ̀ fún wa. Ó ní òun rántí. Kò pẹ́ tó fi rí ọkùnrin kan tó kọ ẹ̀yìn sí wa, tí èjìká rẹ̀ jọ tirẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó pe Táyé.

Àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣe bí kò ṣe àwa nìyẹn, nítorí ta ni gbogbo wọn í ṣe? Ìbejì ni wọ́n, ìdajì wọn ló ń jẹ́ Táyé. Gbogbo Táyé ọ̀dàn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn yíjú padà, gbogbo wọn ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ìbínú ni wọ́n bá wá. Ìdùnnú ni, ìyẹn ló sì burú jù. Ẹnìkan ti pè wọ́n. Wọ́n dì mọ́ káríà, wọ́n dì mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ọwọ́ wọn tutù bí ara àmù, wọ́n ń sọ fún Kẹ́hìndé pé àwọn ti ń retí rẹ̀, pé àyè rẹ̀ nìyí. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilẹ̀. Mo rí ojú ọ̀rẹ́ mi, ó ti ń rọ̀, ó ti ń wo àyè wọ̀nyẹn bí ẹni tí oorun ń kùn ń wo ẹní. Ta ni n ó yin ìbọn lù? Ọmọdé? Mo ronú títí orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ là. Mo ní gbogbo Táyé ló ń jẹ́ Táyé, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti bí kálukú yàtọ̀. Mo gbóhùn sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki agbolé Asúnmọ́:

Ọmọ Asúnmọ́ a-sún-mọ́-òkè-bí-ẹni-sún-mọ́-iná,
Ọmọ a-fòkúta-rọrí kọ́rùn ó má wọ́,
Àkùkọ ilé yín kì í kọ kí tàdúgbò má jẹ́ ẹ,
Ẹ̀yin lẹ gbin iṣu sórí àpáta tẹ́ ẹ wa iṣu délé.

Bí mo ti ń kì í, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi wá sílẹ̀. Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Asúnmọ́ gbọ́ pé ilé òun kọ́ ni wọ́n ń pè, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ padà, ó yíjú sí ọ̀nà. Ó ń dun mí bí mo ti ń rí wọn tí wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n àyà mi ń já fún ohun mìíràn: bí ọwọ́ kan bá kù lára kẹ̀kẹ́, ọwọ́ ẹni tí ìyá fẹ́ gbẹ́ ère rẹ̀ ni, nítorí a kò bí ìbejì mìíràn nílé Asúnmọ́ rí. Kẹ́hìndé náà ti mọ̀. Ó di ojú rẹ̀ pinpin. Ọwọ́ mẹ́ta kù, ó ku méjì, ó ku ọ̀kan, ọwọ́ ọkùnrin eléjìká yẹn ni. Mo kì í lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ náà tú. Kùrukùru gbé wọn mì.

"Kò sí níbẹ̀, Ọdẹ́jìnmí," ni Kẹ́hìndé wí. "Kò sí láàárín wọn." Ó tún un sọ títí a fi dé etí odò.

A gbé kẹ̀kẹ́ sínú ọkọ̀, a sọdá Mọ́ṣí, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹfà a dé abúlé kan, Budó Ẹ̀lúlùú, a béèrè Táyé ará Òkè-Àwín. Obìnrin kan tó ń fẹ́ ọkà wo ojú Kẹ́hìndé, igbá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó Táyé ni. Ó sọ pé baálé òun wà nínú ilé, ó ń fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóúnjẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò yé wa. A wọlé. Ọkùnrin kan tó ní ojú Kẹ́hìndé, àfi pé ó rù ju Kẹ́hìndé lọ, jókòó sórí ẹní, ó ń sọ bí òjò ṣe rọ̀ sí lórí ebè iṣu rẹ̀. Ère ló ń sọ ọ́ fún. Ère náà wọ aṣọ mímọ́, àwo ẹ̀wà tó ń rú èéfín sì wà níwájú rẹ̀. Táyé gbójú sókè. Ó wo ère, ó wo ẹni tó dúró ní ẹnu ọ̀nà. Kò dìde.

"Kẹ́hìndé," ló wí jẹ́jẹ́, "ṣé oúnjẹ náà kò tó ọ ni?"

Díẹ̀ díẹ̀ ni ìyàwó Táyé ń ro ọ̀rọ̀ náà fún wa. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, Táyé bẹ aláàlùbọ́sà kan tó ń lọ sí apá ọ̀dọ̀ wa pé kó bá òun kí Kẹ́hìndé. Táyé náà sì gbéra lọ ta iṣu ní ọjà Kàyámà. Nígbà tí aláàlùbọ́sà padà dé, ó ní òun kò bá Kẹ́hìndé, ó ti rìnrìn àjò. Ó rìnrìn àjò lóòótọ́, ó lọ ra kẹ̀kẹ́ ní Ìlọrin. Táyé kò béèrè mọ́. Ó gbẹ́ ère, ó sì jókòó tì í, nítorí kò lè padà sí ilé tí Kẹ́hìndé kò sí. Òtítọ́ ni àjòjì yẹn sọ níbi méjèèjì. Àwa la gbọ́ èdè wa jù.

Táyé kò gbà kí Kẹ́hìndé fọwọ́ kan òun. Ó ń fà sẹ́yìn lórí ẹní, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó máa lọ ní àlàáfíà. Kẹ́hìndé kò bá a jiyàn. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín Táyé àti ère, ó fa àwo ẹ̀wà náà sí iwájú ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Omi ojú ń já sínú ẹ̀wà, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu epo inú àwo, ó lá a, ó gbé àwo sókè sí àbúrò rẹ̀, ó ní kó bù sí i. Ibẹ̀ ni Táyé ti fò dìde tó fi gbá a létí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, kò yẹ kó gbá a, ṣùgbọ́n a dárí jì í. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn, wọ́n ké bí ọmọ ọwọ́, èmi náà sì bá wọn ké.

Ilẹ̀ ọjọ́ keje kò mọ́ bá wa níbẹ̀. Ìyàwó Táyé ní àwọn ará òun yóò mú òun tẹ̀lé wọn lẹ́yìn ìkórè. Ní àárín Mọ́ṣí, Táyé gbé ère náà lé omi, omi gbé e lọ. Òun ló wá rin ìrìn àjò. Ọkùnrin mẹ́ta lórí kẹ̀kẹ́ kan tí táyà rẹ̀ jẹ́ koríko, n kò ní í sọ bó ṣe rí, ẹ ó pè mí ní elékèé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlá, a wọ agbolé Asúnmọ́. Agbẹ́gilére ti jókòó, ó ti gbé igi ìrè lé itan, ó ń pọ́n àáké kékeré rẹ̀. Ìyá fọwọ́ pa ojú Táyé láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ó fọwọ́ pa ti Kẹ́hìndé, ó tún padà sí ti Táyé, ó pẹ́ gan-an níbẹ̀. Ó wá béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ti jẹun.

Agbẹ́gilére bi í pé kí ni kí òun wá fi igi náà ṣe.

"Ẹ fi gbẹ́ ọmọ odó fún mi," ni ìyá wí. "Mo fẹ́ gún iyán fún àwọn ọmọ mi."

Baba náà ní igi ìrè fúyẹ́ jù fún ọmọ odó, kò ní í fọ́ iṣu dáadáa.

"Apá tèmi náà ti fúyẹ́, baba. Ẹ ṣáà máa gbẹ́ ẹ."

Ó gbẹ́ ẹ. Ìyá fúnra rẹ̀ ló gún iyán ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Kókó kún inú rẹ̀, a sì jẹ ẹ́ tán.